ÀLỌ́ FÚN AJÁ ILÉ: Bí A Ṣe Lè Fi Oúnjẹ Ojoojúmọ́ Mú Kí Ajá Lo Ọgbọ́n Orí Rẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé ohun tí ajá yóò jẹ, Èṣù yóò ṣe é. Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n nínú ilé tí a ti ń gbàdúrà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ajá lé Èṣù lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá mú ẹranko wá sínú ọgbà rẹ̀, tí ó sì fi ẹ̀wọ̀n sí i lọ́rùn, òun ni ó di olùpèsè fún un. Ajá tí a so mọ́lẹ̀ kò lè wá oúnjẹ fún ara rẹ̀, kò lè wá omi, bẹ́ẹ̀ ni kò lè wá ohun tí yóò máa fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe. Ní ti oúnjẹ àti omi, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ń ṣe ojúṣe wọn. Ohun kẹta yìí ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ajá ti ń lo ọjọ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní àwọn ìlú mìíràn. Ní òwúrọ̀ a ó da ẹ̀bà tàbí ìrẹsì àná sínú abọ́ fún un. Kí a tó ka ení, èjì, títí dé ọgọ́rùn-ún, ó ti lá abọ́ náà mọ́ féfé. Lẹ́yìn èyí kò tún sí iṣẹ́ fún un mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bàbá ti lọ sí ibi iṣẹ́, ìyá ti lọ sí ọjà, àwọn ọmọ ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ajá sùn, ó jí. Ó gbó ewúrẹ́, ó gbó ẹni tí ń polówó àkàrà, ó gbó ewé tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Ó gbẹ́ ihò sí ìdí ògiri, ó fa bàtà ya, ó ń lá ẹsẹ̀ kan ṣoṣo títí irun fi re níbẹ̀. Nígbà tí ó bá pẹ́, a ó ní ajá náà ti ya ẹhànnà. A ó nà án, tàbí a ó fi í ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìwà búburú ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, bí kò ṣe àìríṣe.

Ọ̀nà kan wà tí kò gba owó púpọ̀, tí a lè fi mú ìdààmú yìí fúyẹ́. Èyíinì ni pé kí a má ṣe máa da gbogbo oúnjẹ ajá sínú abọ́ ní gbangba, ṣùgbọ́n kí a fi díẹ̀ nínú rẹ̀ pamọ́ sí ibi tí yóò ti ní láti fi imú wá a, kí ó fi ẹsẹ̀ tì í, kí ó fi ahọ́n fà á, kí ó sì ronú kí ó tó rí i jẹ. Àlọ́ oúnjẹ ni a ó máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí àwọn ọmọ ti ń pa àlọ́ àpamọ̀ fún ara wọn ní alẹ́. Ẹni tí a pa á fún yóò ronú síhìn-ín, yóò ronú sọ́hùn-ún, inú rẹ̀ yóò sì dùn nígbà tí ó bá mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà rí, àfi pé èrè tí ajá ń gbà jẹ́ èyí tí a lè gbé mì.

IṢẸ́ TÍ A BÍ MỌ́ AJÁ

Òwe mìíràn sọ pé ajá ilé kò mọ ọdẹ ṣe. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé a kò dá ohun ọdẹ mọ́ ọn; àwa ni a gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo ajá ọdẹ tí a so ṣaworo mọ́ lọ́rùn. Kí ó tó fi ẹnu kan ẹran, ó ti fi imú tọ ipasẹ̀ òkété láti ẹ̀bá ọ̀nà dé ẹnu ihò, ó ti fi etí gbọ́ ohun tí ń rìn lábẹ́ ewé, ó ti fi ẹsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, ó sì ti wo ojú olówó rẹ̀ láti mọ ohun tí ó fẹ́. Ajá ìgboro tí kò ní olówó pàápàá kì í jókòó lásán: láti ààtàn dé ààtàn ni ó ń lọ, ó ń yẹ ewé wò, ó ń tú ọ̀rá.

Imú ni ohun èlò rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ. Àwọn onímọ̀ sọ pé àwọn ohun tíntìntín tí ń gba òórùn nínú imú ajá ju mílíọ̀nù 200 lọ, nígbà tí ti ènìyàn kò ju bíi mílíọ̀nù 5 tàbí 6 lọ. Nítorí náà, ibi tí àwa ti gbọ́ òórùn ọbẹ̀ lásán, ajá lè mọ̀ pé ẹja wà nínú rẹ̀, pé ata wà nínú rẹ̀, pé ẹnìkan ti fọwọ́ kan ìdérí ìkòkò. A fi irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dá kan, a sì so ó mọ́ igi kan láti àárọ̀ di alẹ́, kí ó máa gbọ́ òórùn igi kan náà. Kò ha yẹ kí ó su ú?

ÀPÓTÍ TI THORNDIKE ÀTI EKU TI JENSEN

Kì í ṣe òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ sí fi oúnjẹ dán ọgbọ́n ẹranko wò. Ní ọdún 1898, ará Amẹ́ríkà kan tí à ń pè ní Edward Thorndike, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Columbia ní ìlú New York, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó kan àwọn àpótí onígi, ó sì fi ológbò 13 àti ajá 3 sínú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó fi ti ìlẹ̀kùn àwọn àpótí náà yàtọ̀ síra: òmíràn ní okùn tí a ní láti fà, òmíràn ní pákó kékeré tí a ní láti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ebi ń pa ẹranko náà, oúnjẹ sì wà lóde. Ní àkọ́kọ́, yóò máa họ ara àpótí, yóò máa gé igi jẹ, títí yóò fi ṣe kòńgẹ́ ohun tí ń ṣí ìlẹ̀kùn. Bí a bá tún fi í sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹwàá, àkókò tí ó ń lò yóò máa dín kù, títí yóò fi di pé bí a bá ti ń tì í ni òun náà ń ṣí i. Láti inú èyí ni Thorndike ti fa òfin rẹ̀ yọ, pé ìwà tí ó bá mú ire wá ni ẹranko yóò tún hù.

Ẹ kíyèsí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àpótí Thorndike àti àlọ́ oúnjẹ ti òde òní. Nígbà náà, ẹranko ni a tì mọ́lé, oúnjẹ wà lóde. Nísinsin yìí, oúnjẹ ni a tì mọ́lé, ẹranko wà lóde, ó sì lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀wọ̀n nígbà kan rí ti di eré.

Ní ọdún 1963, ará Amẹ́ríkà mìíràn, Glen Jensen, kọ́ àwọn eku láti máa tẹ irin kékeré kan kí oúnjẹ lè jáde. Lẹ́yìn èyí ó gbé abọ́ tí oúnjẹ kan náà kún inú rẹ̀ síwájú wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni ì bá rò pé ìdí abọ́ ni wọn yóò rọ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ń padà lọ tẹ irin láti gba oúnjẹ tí wọn ì bá jẹ láìṣe iṣẹ́ kankan. Láti ìgbà náà ni a ti rí irú ìwà bẹ́ẹ̀ lára ẹyẹlé àti àwọn ẹranko mìíràn. Ní àwọn ọdún 1970, Hal Markowitz mú ọgbọ́n yìí wọ ọgbà ẹranko ìlú Portland ní Oregon. Ó ṣe ẹ̀rọ fún àwọn ìnàkí kéékèèké tí apá wọn gùn, kí wọn lè máa fa ọ̀pá kí oúnjẹ wọn tó jáde, dípò kí wọn jókòó kí wọn máa retí ẹni tí yóò gbé e wá.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ eku sọ ti gbogbo ẹranko. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì tí ó wà ní Davis ní California tẹ ìròyìn jáde nípa ológbò 17 tí wọ́n fún ní àlọ́ oúnjẹ àti àwo oúnjẹ lásán papọ̀. Ìdí àwo ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti jẹun. Ẹni tí ó bá ní ológbò nílé kò ní í ya ẹnu. Ní ti ajá, ìròyìn kan jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2024. A fún àwọn ajá ilé ní ẹní onírun tí a fi oúnjẹ pamọ́ sí, a sì fún wọn ní àwo pẹrẹsẹ tí oúnjẹ wà lórí rẹ̀ ní gbangba. Wọn kò fi hàn pé iṣẹ́ wù wọ́n ju ọ̀fẹ́ lọ; síbẹ̀ wọ́n fínnúfíndọ̀ wá oúnjẹ inú ẹní náà pẹ̀lú.

Ìdájọ́ tí a lè ṣe lórí èyí ni pé ajá kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹrú. Bí a bá fún un ní iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká, yóò ṣe é tìfẹ́tìfẹ́. Ẹni tí ó bá wá gbọ́ èyí, tí ó sì fi ebi pa ajá rẹ̀ kí ó lè fi agbára mú un tú àlọ́, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ wa yé.

RỌ́BÀ TI COLORADO ÀTI PÁKÓ TI SWEDEN

Ọ̀nà tí àlọ́ oúnjẹ gbà di ohun ọjà kò ṣàì dùn mọ́ni. Ní Colorado ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1976, ọkùnrin kan wà tí à ń pè ní Joe Markham. Ó ní ajá kan tí ń jẹ́ Fritz, irú ajá Jámánì tí àwọn ọlọ́pàá ń lò. Òkúta ni ajá yìí fẹ́ràn láti máa rún, eyín rẹ̀ sì ń bàjẹ́. Ní ọjọ́ kan tí Markham ń tún ọkọ̀ Volkswagen ṣe, ó ju àwọn ohun èlò ọkọ̀ sí i bóyá ọ̀kan nínú wọn yóò wù ú. Rọ́bà kan wà láàrin wọn. Òun ni Fritz dì mú, ó sì gbàgbé òkúta. Láti ara rọ́bà yìí ni ohun tí à ń pè ní Kong ti wá. Ó le, ó ṣofo nínú, ó sì dàbí bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí a tò lé ara wọn lórí. Inú ihò rẹ̀ ni a ń ki oúnjẹ sí.

Ní Sweden ní àwọn ọdún 1990, obìnrin kan, Nina Ottosson, bẹ̀rẹ̀ sí fi pákó ṣe àwọn àlọ́ fún ajá. Ó gbẹ́ ihò sí ara pákó, ó fi oúnjẹ sínú rẹ̀, ó sì fi ìdérí tí ń yọ̀ síwá sẹ́yìn bò ó, tàbí èèkàn kéékèèké tí ajá ní láti fi ẹnu fà yọ. Lónìí a ń fi ike ṣe irú rẹ̀, a sì ń tà á ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

ÈRÈ WO NI Ó WÀ NÍBẸ̀?

Ẹnìkan lè bi wá pé, Ǹjẹ́ a rí ẹ̀rí pé ajá ń jẹ àǹfààní kan níbẹ̀, yàtọ̀ sí pé ó ń pẹ́ kí ó tó jẹun tán? A rí i.

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìròyìn jáde lórí àwọn ajá tí a há mọ́ ilé ajá, tí a sì fún ní rọ́bà tí a ki oúnjẹ sínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé gbígbó wọn dín kù, wọ́n sì ń mira ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀yin tí aládùúgbò ti wá bá yín wíjọ́ nítorí ajá tí kì í dákẹ́, ẹ kíyèsí èyí.

Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ tẹ ìròyìn mìíràn jáde láti Sweden. Wọ́n kọ́ ajá kan láti lo ẹ̀rọ kan, bí ó bá sì ti lò ó, ọ̀nà ṣí sí ibi tí èrè wà. Ajá kejì rí èrè kan náà gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ohunkóhun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ajá tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ń ju ìrù, ó sì ń yára wọ inú yàrá ìdánwò náà. Èyí tí a kàn ń fún bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ra láti wọlé. Oúnjẹ kan náà ni; ayọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni kò dọ́gba.

Ní ọdún 2019, Charlotte Duranton àti Alexandra Horowitz tẹ ìròyìn kẹta jáde. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwọn ajá pé bí abọ́ bá wà ní apá kan yàrá, oúnjẹ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá wà ní apá kejì, òfìfo ni. Nígbà náà ni wọ́n gbé abọ́ sí agbede méjì, níbi tí ajá kò lè mọ̀ dájú. Ajá tí ó bá yára lọ síbẹ̀ ni ó ń retí ire. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kan lára àwọn ajá náà ń fi imú wá oúnjẹ tí a fi pamọ́, àwọn yòókù sì ń kọ́ bí a ti ń rìn lẹ́bàá ẹsẹ̀ olówó wọn. Nígbà tí a tún dán wọn wò, àwọn tí ó ti ń lo imú yára lọ sí ìdí abọ́ tí ó wà láàrin ju bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ; ti àwọn yòókù kò yí padà. Èyí fi hàn pé lílo imú mú kí ajá máa retí ire.

BÍ A TI LÈ ṢE É NÍ ILÉ

Kò di ìgbà tí a bá ra ohun òkè òkun kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ohun tí ó wà nínú ilé ti tó.

Èkínní, fífọ́n. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ ajá gbígbẹ, tàbí ẹja gbígbẹ tí a ti yọ eegun rẹ̀ tí a sì ti já sí wẹ́wẹ́, kí ẹ fọ́n ọn sórí koríko tí ó mọ́, tí a kò da oògùn kòkòrò sí. Ajá yóò fi imú ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí ni ó rọrùn jù lọ, òun ni kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, aṣọ ìnura. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura tí ó ti gbó sílẹ̀, ẹ fi oúnjẹ gbígbẹ sí i káàkiri, kí ẹ sì ká a bí ẹní ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀. Ajá yóò fi imú tú u. Nígbà tí ó bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ lè ta á ní kókó kan tí kò le.

Ẹ̀kẹta, páálí ẹyin. Ẹ fi oúnjẹ sínú àwọn ihò rẹ̀, ẹ ká bébà mọ́nú bíi bọ́ọ̀lù kéékèèké, kí ẹ sì fi wọ́n dí ihò náà. Bí ajá yín bá jẹ́ irú èyí tí ń gbé bébà mì, ẹ fi èyí sílẹ̀, ẹ mú òmíràn.

Ẹ̀kẹrin, abọ́ àti bọ́ọ̀lù. Ẹ to abọ́ kéékèèké mẹ́fà sí ilẹ̀, ẹ fi oúnjẹ sínú mẹ́ta péré, kí ẹ sì fi bọ́ọ̀lù tí ó tóbi ju ẹnu ajá lọ bo gbogbo wọn. Yóò kọ́ pé imú ni kí òun fi yàn kí òun tó fi ẹsẹ̀ tì.

Ẹ̀karùn-ún, ìgò ike. Ẹ lu ihò tí oúnjẹ gbígbẹ lè gbà jáde sí ara ìgò omi tí ó ti ṣófo. Ẹ yọ ìdérí rẹ̀ àti òrùka ike tí ó wà ní ọrùn rẹ̀ dànù, nítorí ajá lè gbé wọn mì. Bí ajá ti ń yí ìgò náà kiri ni oúnjẹ yóò máa já bọ́. Ìgbà tí ẹnìkan bá wà nítòsí nìkan ni kí a fún un ní èyí, bí ó bá sì ti ń fọ́ ọ jẹ, kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, rọ́bà oníhò. Èyí ni ó dára jù fún oúnjẹ tútù bí ìrẹsì tí a pò mọ́ ẹja tàbí ẹran tí a sè láìfi ata àti àlùbọ́sà sí i. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí ń sọ nǹkan di yìnyín, ẹ fi rọ́bà náà sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, yóò tu ajá lára, yóò sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní rọ́bà lè gbé òkúta ńlá kan tí a ti fọ̀, tí ó tóbi ju ohun tí ajá lè gbé sẹ́nu lọ, sí àárín abọ́, kí ajá máa jẹun yí i ká. Èyí ṣe pàtàkì fún ajá tí ń jẹ àjẹkì. Nínú àwọn ajá ńlá tí àyà wọn jìn, jíjẹ kánkán wà lára ohun tí a kà sí ewu fún àrùn inú wíwú, nígbà tí ikùn bá kún fún afẹ́fẹ́ tí ó sì lọ́ pọ̀. Àrùn yìí lè pa ajá láàrin wákàtí díẹ̀.

Bí àlọ́ náà ti wù kí ó rí, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ajá kò fi ní í kùnà. Olùkọ́ rere kì í fi ìṣirò ọmọ ńlá lé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí i pé ó ń gbó àlọ́ náà, tàbí pé ó ń bù ú jẹ pẹ̀lú ìbínú, tàbí pé ó ṣíjú kúrò tí ó sì ń yán, ó ti le jù fún un. Ẹ ṣí i díẹ̀ fún un, kí ó rí nǹkan jẹ. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó fún ìgbà kan, ó sì dára kí a dá a dúró nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn. Ajá tí ó ti darúgbó, tí kò lè sáré mọ́, yóò gbádùn rẹ̀ púpọ̀, nítorí imú a máa ṣiṣẹ́ pẹ́ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti rẹ̀.

ÀWỌN ÌKÌLỌ̀

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun rere yìí ṣe ara rẹ̀ tàbí ajá rẹ̀ ní ibi. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dáadáa.

Inú ìwọ̀n oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni kí a ti bu èyí tí a ó fi ṣe àlọ́. Kí a má ṣe fi kún un. Bí a bá sì fi ìpápánu dídùn sí i, kí ó má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ ọjọ́ náà lọ. Ọ̀pọ̀ ajá ni a ti fi ìfẹ́ bọ́ títí wọn kò fi lè mí dáadáa mọ́.

Ẹ má ṣe fi ṣokoléètì, àlùbọ́sà, aáyù, èso àjàrà tútù tàbí gbígbẹ sínú rẹ̀ rárá. Májèlé ni wọ́n fún ajá. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀pà lílọ̀ inú ìgò sí i, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí a kọ sí ara ìgò náà. Bí a bá rí xylitol níbẹ̀, ẹ gbé e kúrò, nítorí ṣúgà àtọwọ́dá yìí lè pa ajá kíákíá. Eegun adìẹ tí a ti sè a máa fọ́ sí ṣóńṣó ṣóńṣó, ó sì lè gún ọ̀nà ọ̀fun tàbí ìfun.

Bí ajá bá ju ẹyọ kan lọ nínú ilé, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó gbé àlọ́ jáde. Àwọn tí ń sùn pọ̀ tí wọn kò jà rí lè fa ara wọn ya nítorí ẹja kan. Bákan náà ni kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé ẹnikẹ́ni kì í gba nǹkan lẹ́nu ajá tí ń jẹun. Jẹ́ kí ọmọ tí ó ti gbọ́n bá yín ká aṣọ ìnura, kí ó ka iye oúnjẹ tí ó fi sí i, kí ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lókèèrè láti wò ó. Yóò kọ́ sùúrù níbẹ̀, yóò sì kọ́ pé ẹ̀dá tí kò lè sọ̀rọ̀ náà ní ohun tí ó ń rò.

Ní ilẹ̀ wa tí ó gbóná, oúnjẹ tútù kì í pẹ́ bàjẹ́, eèrà kì í sì í pẹ́ gbọ́. Bí ajá bá ti parí, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi àti ọṣẹ, ẹ sá a sí oòrùn. Kí omi mímu tí ó mọ́ má ṣe wọ́n nítòsí.

Paríparí rẹ̀, àlọ́ oúnjẹ kò lè dípò ohun gbogbo. Kò lè dípò rínrìn jáde pẹ̀lú ajá ní ìrọ̀lẹ́, kò lè dípò ọwọ́ tí a fi pa á lórí, kò sì lè dípò abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà àrùn dìgbòlugi, èyí tí gbogbo ajá ilé gbọ́dọ̀ gbà. Bí ajá tí ó ti ń jẹun dáadáa bá kọ oúnjẹ lójijì, ẹ má ṣe rò pé àlọ́ náà ni kò mọ̀; ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ ilé, ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ kan àti aṣọ ìnura ògbólógbòó kan ni iṣẹ́ yìí ń bèèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la kí ẹ tó jáde lọ sí ibi iṣẹ́ yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ bi àwọn aládùúgbò yín léèrè bóyá ajá náà ṣì ń gbó bí ó ti ń gbó tẹ́lẹ̀.